Ìpẹ́ Tó Ti Ọwọ́ Ìyàwó Mi Wá

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mi ò rí kọ́lájẹ́nì gidi kan yọ nínú ìpẹ́ ẹja mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún ni, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mo rò pé mo lè dijú ṣe. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, omi lásán tó dà bí omi ìṣanwọ́ ni mo ń bá nínú ìgò.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, bóyá ǹ bá ti fi í sílẹ̀. Mo ti dàgbà, ìgbà tó kù fún mi lẹ́nu iṣẹ́ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ín tán, lẹ́tà kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi láti ọwọ́ obìnrin onímọ̀ kan ní òkè òkun. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ọ̀nà tí mo kọ sínú ìwé ṣe ohun tí wọn yóò máa fi bo egbò àwọn tí iná jó. Wọ́n ti tẹ̀lé gbogbo ohun tí mo kọ, wọ́n tilẹ̀ ti wá irú ẹja náà kàn, kò jẹ́. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi kọ̀wé. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni ẹ ń ṣe tí ẹ kò kọ?" Ní ìparí, ó ní bí àwọn kò bá rí ìdáhùn, àwọn yóò ní láti sọ fún àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé iṣẹ́ náà kò ṣeé tún ṣe.

Ẹni tí kì í ṣe irú iṣẹ́ wa lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Kò ṣeé tún ṣe. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa onísáyẹ́ǹsì nìyẹn nígbà tí wọn ò bá fẹ́ pè é ní òpùrọ́. Ohun tó sì ń dà mí láàmú jù ni pé mi ò lè dá a lóhùn, nítorí èmi fúnra mi kò rí i tún ṣe.

Kọ́lájẹ́nì ni ohun tó so ara pọ̀. Ó wà nínú awọ, ó wà nínú iṣan, ó wà nínú eegun. Òun ló ń mú kí pọ̀nmọ́ le lábẹ́ eyín, òun náà ló sì ń mú kí omi ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù dì bí ó bá tutù. Bí a bá yọ ọ́ mọ́ tónítóní, tí a sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, a lè tẹ́ ẹ lé ojú egbò, ara yóò sì gbà á bí ẹni pé tirẹ̀ ni. A kì í ṣí i kúrò. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ tán bí awọ tuntun bá ṣe ń jáde.

Ọ̀rọ̀ ṣíṣí yẹn gan-an ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Igbodigo, kẹrosíìnì gbiná mọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ́wọ́. Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Mo bá nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń ṣí báńdéèjì kúrò lára rẹ̀, awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò sì ń bá báńdéèjì náà lọ. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kò ké. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi parí. Mo padà sílé lọ́jọ́ náà, mi ò lè jókòó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo padà sí yunifásítì.

Ní Igbodigo yẹn náà ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí, ọmọ Ìlàjẹ lòun, láti etí omi. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé ẹja wá sókè, ó sì máa ń gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ wa kọjá. "Tíṣà" ló ń pè mí nígbà náà. Tíṣà náà ló ń pè mí títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n, tí gbogbo ìjọ ń kí wa, ó rọra sọ sí mi létí pé, "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé ẹ ṣì ní láti gbé ìdọ̀tí jáde lọ́la."

Nígbà tí mo di olùkọ́ ní yunifásítì, tí a ti ń gbé ní Okitipupa, ó ní àyè tirẹ̀ lọ́jà Igbotako, epìyà ló ń tà jù. Ìpẹ́ tó bá ha kúrò lára ẹja, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Mo ní kó máa kó o jọ fún mi. Ó wò mí títí.

"Tíṣà, ìpẹ́ kẹ̀?"

"Ìpẹ́ ni."

"Ọkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń béèrè orí ẹja. Ìpẹ́ ni tèmi ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá egungun ló kàn."

Mo sọ fún un pé egungun náà lè kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó o wá, nínú àpò sìmẹ́ǹtì tó ti gbọ̀n mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà kò lọ dáadáa. Ìpẹ́ epìyà le, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun rẹ́ ẹ, ìwọ̀nba kọ́lájẹ́nì tí mo sì ń rí yọ kò tó tẹ́ lé ojú owó kọ́bọ̀. Láàbù wa kò ní yàrá ìkẹ́rùsí nígbà náà, nítorí náà ẹ̀yìn ilé wa ni àpò ìpẹ́ ń wà. Wọ́n ń rùn. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì wá láti yunifásítì mìíràn wá wo iṣẹ́ mi. Ìyàwó mi se oúnjẹ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò gbé áńkáṣíìfù kúrò nímú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé gbogbo ilé yìí á máa rùn bí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ ni?"

Ó kó àwọn abọ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì tún un sọ mọ́. Mo rò pé kò gbé e sọ́kàn, nítorí nígbà tó di alẹ́, ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, òórùn dín kù. Mo rò pé ó ti ń fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni iṣẹ́ mi yí padà. Ìpẹ́ tó ń kó wá rọ̀, ó ń tẹ̀ láìkán, kọ́lájẹ́nì tó ń ti inú rẹ̀ jáde sì nípọn, ó mọ́, ó ń fà bí oyin. Mo bi í léèrè ohun tó yàtọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, ibi tí ẹja ti ń wá ni. Àwọn apẹja tó ń rà lọ́wọ́ wọn ti kúrò lódò òkè, wọ́n ti lọ ń pa ẹja níbi tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti pàdé.

Ìdáhùn yẹn ni mo ń wá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ibi tí iyọ̀ àti dídùn ti pàdé ló ń mú kí ìpẹ́ epìyà wa rọ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà. Wọ́n pè mí síbí, wọ́n pè mí sọ́hùn-ún. Mo dúró níwájú àwọn ènìyàn, mo ń fi àwòrán odò wa hàn wọ́n. Lábẹ́ ibi tí a ti ń ṣàlàyé bí a ṣe tọ́jú ìpẹ́, gbólóhùn kan péré ni mo kọ: a fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, a sì sá a.

Nǹkan méjì ló yí padà lóṣù yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ó kú, mo lọ ra ìpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń jókòó tì í lọ́jà. Omi kan náà, apẹja kan náà. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kùnà, mo ní ìbànújẹ́ ló jẹ́ kí n ṣàṣìṣe. Èkejì kùnà, mo ní iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò jẹ́ kí fíríìjì tutù tó. Mo ra jẹnẹrétọ̀ fún fíríìjì nìkan. Mo pààrọ̀ ásíìdì. Mo pààrọ̀ omi. Mo wakọ̀ lọ sí Osooro, mo lọ sí Ilutitun, mo lọ títí dé etí omi fúnra mi, mo ń ra ìpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Àwọn obìnrin ọjà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ẹran ara rẹ̀ náà mọ́ ọn." Bí mo bá délé, mi ò ní lè jókòó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, láti pálọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń wá nǹkan tí mi ò mọ̀.

Èrò kan wọ inú mi nígbà náà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé mi ò ti máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí ohun tí kò sí? Mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́ jáde, mo ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń yẹ ìwé olè wò. Òótọ́ ni wọ́n. Ọwọ́ ara mi ló kọ wọ́n, lójoojúmọ́. Ìyẹn gan-an kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bójú tó láàbù wa, a ti jọ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí ìgbìyànjú kẹfà kùnà, ó gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé, ó gbé e kalẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbà fún Ọlọ́run."

"Kí ni Ọlọ́run fẹ́ fi ìpẹ́ ṣe?"

"Òun ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹja lára. Àwa la ní dandan kó ṣí."

"Ẹ yéé ṣàwàdà."

"Bí mi ò bá ṣàwàdà, ẹ máa tún lọ ra ìpẹ́ míì ni."

Mo tún lọ ra ìpẹ́ míì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin ló bá mi nídìí rẹ̀. Ó wá láti etí omi ní òwúrọ̀ Sátidé kan, láti kó àwọn aṣọ àbúrò rẹ̀ jọ fún pínpín. Mi ò fẹ́ wà nínú yàrá nígbà tó bá ń ṣe é, mo sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ sá ìpẹ́ sórí pákó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó jáde sí mi. Ohùn tiwọn ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé.

"Ọkọ wa, kí ni ẹ̀ ń sá?"

"Ìpẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Ó kán.

"Èyí kò tíì rọ̀. Ẹ ti tètè yọ ọ́."

"Yọ ọ́ kúrò níbo?"

"Nínú omi."

"Omi wo?"

Ó wò mí bí ẹni tó rò pé mò ń tan òun. "Omi púpurú. Èyí tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí."

Púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ rírẹ ṣe, kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n ìpẹ́ nínú omi rẹ̀ ni mi ò tíì gbọ́ rí. Ó rí i pé mi ò mọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí pé ilé ọ̀fọ̀ ni, ẹ̀rín náà kò sì gbọ́.

"Ẹ ò mọ̀! Ọkọ wa, ẹ ò mọ̀! Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí i níbí, bàsíà ìpẹ́ yín ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́. Bí ó bá ti kó ẹ̀gẹ́ jáde fún púpurú, ó kó ìpẹ́ wọ inú omi náà. Tó bá yọ ọ́, ó fi omi kànga ṣàn án, ó sá a. Mo bi í pé, irú wàhálà wo nìyí? Ó ní kí òórùn ẹja lè kúrò lára rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kì í fẹ́ òórùn ẹja. Mo ní, kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ apẹja?"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n fi ọkọ òun sílẹ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ẹ bi í ni?" Ó ju ìpẹ́ tó kán nù. "Ó rò pé ẹ mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin ni ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí yóò ti lóye kó tó di pé mo ṣàlàyé. Omi tí ẹ̀gẹ́ ti rọ̀ nínú rẹ̀ a máa kan. Kíkan yẹn ló ń jẹ ẹfun tó wà nínú ìpẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìba kọ́lájẹ́nì jẹ́, ní ọ̀nà tó rọ̀ ju ásíìdì èyíkéyìí tí mo ní nínú ìgò lọ. Kì í ṣe odò. Kì í ṣe iyọ̀. Àwòrán odò tí mo ti gbé ká kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ronú kàn ni pé, báwo ni imú mi kò ṣe gbọ́ òórùn rẹ̀? Ìpẹ́ tó ti inú omi ẹ̀gẹ́ jáde, òórùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó wà lára ìpẹ́ náà ní gbogbo ọdún yẹn, tí mo ń kó o wọ láàbù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa níbí, àgbàlá wo ni ẹ̀gẹ́ kò sí nínú omi? Ilé ìyá mi ní òórùn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wa ní òórùn rẹ̀, aṣọ wa, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá bí ó bá jẹ́ pé ará Kánò ni mí, ǹ bá ti béèrè ní ọjọ́ kìíní. Àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ náà, ọmọ ibí ni gbogbo wọn.

Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n yéé rìn káàkiri, kí n wá bàsíà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ́dọ̀ obìnrin aládùúgbò wa tó ń ṣe púpurú tà. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ẹ̀yìn ògiri: "Omi ẹ̀gẹ́? Èyí tí à ń dà nù? Ṣé kò sí nǹkan o?" Wọ́n jọ gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n kó ìpẹ́ sínú rẹ̀, ó fi àwo bò ó, ó gbé òkúta lé e. Ó sùn sọ́dọ̀ wa títí di ọjọ́ kẹta, ó yọ ọ́, ó ṣàn án, ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò." Ó tẹ̀. Kò kán.

Mo gbé e lọ sí láàbù. Ọkùnrin tó ń bójú tó láàbù gbóòórùn rẹ̀ nítorí mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. "Ó ń rùn bí ìpẹ́ tiwa àtijọ́," ló wí, ó wò mí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú ásíìdì, ó ki ọ̀pá gíláàsì bọ ìgò, ó fà á sókè. Ó ń fà bí oyin.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ó ti dé."

Mo jáde lọ dúró sídìí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn láàbù, mo wà níbẹ̀ títí ó fi wá pè mí.

Mo rò pé ara mi yóò rọlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Kò rọlẹ̀. Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Lẹ́tà òkè òkun ṣì wà níbẹ̀, ó ń retí.

Ọkùnrin láàbù ló kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi náà ti ń rò. "Ọ̀gá, ìwé tuntun nìyí. Ẹ kọ ọ́ bí ìlọsíwájú. Ẹ ní ẹ ti wá ọ̀nà tó tún dára sí i."

"Èyí àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ta ló ń ka ìwé ọdún tó ti lọ?"

"Obìnrin yẹn ń kà á."

"Ẹ fi ọ̀nà tuntun ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ á dùn. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ ò kàn ní sọ gbogbo rẹ̀ ni. Ẹ wo ìgbà tó kù fún yín níbí, ẹ fẹ́ kó jẹ́ pé àṣìṣe lẹ máa fi dágbére?"

Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ ni. Mo tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ ìwé náà, ó sì dára, mo mọ̀wé kọ. Ibi kan ṣoṣo ló kù, ibi tí mo ti ní láti sọ ìdí tí a fi gbìyànjú omi ẹ̀gẹ́. Mo kọ pé, "Nítorí pé omi yìí wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, a pinnu láti dán an wò." Mo kà á. Mo dìde, mo lọ mu omi, mo padà wá kà á. A pinnu. Ta ló pinnu? Kò sẹ́ni tó pinnu nǹkan kan. Obìnrin kan ń kó ìpẹ́ sínú omi tí ó fẹ́ dànù, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ.

Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun ni mo pè.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kọ ọ́ pé òun ló ṣe é, gbogbo ayé á mọ̀ pé mi ò mọ ohun tó ń lọ nínú àgbàlá ara mi."

"Ẹ mọ̀ ọ́n bí?"

"Rárá."

"Ó dáa, kí ni wọ́n wá fẹ́ mọ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo ti jẹun.

Mo pa ìwé tuntun náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo kọ èyí tó kúrú sí àwọn tó tẹ ìwé àkọ́kọ́ jáde, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin òkè òkun náà. Mo ní odò kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní gbólóhùn tí mo kọ nípa omi mímọ́ kì í ṣe òótọ́, pé mi ò béèrè. Mo sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ìpẹ́ náà kó tó dé ọwọ́ mi, mo sì kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é. Mi ò kọ ìdí tó fi ń ṣe é. Níbi tí wọ́n ti ní kí a sọ ibi iṣẹ́ ẹni náà, mo kọ ọjà Igbotako.

Wọ́n ti fi àkíyèsí sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i báyìí, òun ni yóò kọ́kọ́ rí, kó tó rí orúkọ mi. Olórí ẹ̀ka wa rọra pè mí, ó ní bóyá kí n wá àkòrí mìíràn fún ọ̀rọ̀ ìdágbére tí mo fẹ́ sọ lórí iṣẹ́ yìí bí mo bá ń fẹ̀yìn tì. Mo ní màá rò ó.

Obìnrin òkè òkun náà tètè dáhùn. Ó dúpẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ó ní òun ti ra ẹ̀gẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ ní ìlú wọn, ó ti wà nínú omi. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ọjọ́ mélòó ni ìyàwó mi máa ń fi í sílẹ̀?

Mo tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Títí á fi rọ̀," ló dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè kọ 'títí á fi rọ̀' sínú ìwé."

"Kí ló dé? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń mọ̀ ti ẹ̀gẹ́. Bí ọjà bá le, ó lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu pé ìpẹ́ dà, á tètè yọ ọ́. Ìgbà òjò sì máa ń pẹ́, omi tutù."

Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi. Nítorí náà, mo ti to bàsíà márùn-ún sí ẹ̀yìnkùlé, mo kọ ọjọ́ tí mo rẹ ìkọ̀ọ̀kan sí i lára. Aládùúgbò wa ló ń fún mi lómi, kò tún bi mí léèrè mọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń fi bébà wò bí omi ti kan tó, mo ń mú ìpẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ̀ ẹ́. Lónìí, ti ọjọ́ méjì ṣì ń kán. Ti ọjọ́ mẹ́ta ń tẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ̀ tó bí èyí tí òun máa ń kó fún mi. Òjò ti ń ṣú níhà Ilutitun. Mo fẹ́ lọ wo ti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dé.